Wilhelm Conrad Röntgen

Wilhelm Conrad Röntgen (ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ọdún 1845 – ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ọdún 1923) jẹ́ onímọ̀ físíksì ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ó ṣàwárí ìtànṣán X ní ọdún 1895, òun náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Físíksì, ní ọdún 1901. Láti ara iṣẹ́ rẹ̀ ni yíya àwòrán inú ara láìfi ọ̀bẹ là á ti bẹ̀rẹ̀. Lára ohun tí a ń lo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún lónìí ni mímọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti ràn dé egungun.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Lennep ni wọ́n bí Röntgen sí. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Apeldoorn ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Wọ́n lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Utrecht nítorí àwòrán kan tí wọ́n fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Òun kọ́ ni ó yà á, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti dárúkọ ẹni tí ó yà á. Ní ọdún 1865, ó yege nínú ìdánwò àbáwọlé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Zurich, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1869. Ó gbé Anna Bertha Ludwig níyàwó ní ọdún 1872. Ní ọdún 1888 ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Würzburg.

Ìṣàwárí ìtànṣán X

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, ọdún 1895, Röntgen ń fi iná mànàmáná ṣe àyẹ̀wò nínú ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ti fi páálí dúdú bo ìgò náà, síbẹ̀ pátákó kan tí a fi kẹ́míkà kùn, tí kò sí nítòsí ìgò náà, ń tàn yòò. Ó mọ̀ pé ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí ni ó ń gba inú páálí kọjá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, ó ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, egungun àti òrùka sì hàn kedere nínú rẹ̀. Nítorí pé a kò tíì mọ irú ohun tí ìtànṣán náà jẹ́, ó pè é ní X.

Röntgen kọ̀ láti gba ẹ̀tọ́ oníṣòwò lórí ìṣàwárí náà, kí gbogbo ayé lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Owó Ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ ni ó fi ta Yunifásítì Würzburg lọ́rẹ.

Ìtànṣán X àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí ó ràn dé egungun

Kálísíọ́mù inú egungun ni ó ń dí ìtànṣán X lọ́nà. Ìdí nìyí tí egungun fi ń funfun nínú àwòrán. Nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bá dé egungun, ó sábà máa ń jẹ ẹ́ ni, pàápàá egungun ẹ̀yìn, ìhà àti ìbàdí. Àmọ́ àwòrán X lásán kì í tètè fi èyí hàn: ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ohun líle inú egungun ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ kí ihò tó hàn. Nítorí náà, àwòrán tí kò fi nǹkan kan hàn kò túmọ̀ sí pé egungun kò ní àrùn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn ń dí àlàfo yìí. Ẹ̀rọ CT ń fi ìtànṣán Röntgen kan náà ya ara ní ìpele-ìpele. Ẹ̀rọ MRI ń lo agbára òòfà láti fi mùdùnmúdùn inú egungun hàn. Nínú àyẹ̀wò mìíràn, a ń gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ technetium-99m, kámẹ́rà gamma yóò sì fi ibi tí egungun ti ń tún ara rẹ̀ ṣe hàn. Àyẹ̀wò yìí náà lè fo ibi tí jẹjẹrẹ ti ń jẹ egungun láìjẹ́ pé egungun ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè àgbẹ̀ bí Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí pé àrùn mẹ́dọ̀wú irú B àti májèlé inú àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó bu wà lára ohun tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ nípa ìlera àwùjọ. Ẹ̀yìn ríro tí àgbẹ̀ Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà pè ní làkúrègbé lè jẹ́ làkúrègbé lóòótọ́. Bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ, àwòrán lè ṣèrànwọ́ láti fi ìyàtọ̀ hàn.

Ikú àti ìrántí rẹ̀

Anna Bertha kú ní ọdún 1919. Owó Jámánì di yẹpẹrẹ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ohun tí Röntgen tò jọ sì bá a lọ. Jẹjẹrẹ ìfun ni ó pa á ní Munich ní ọdún 1923, Giessen ni wọ́n sì sin ín sí. Ní ọdún 2004, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́límẹ́ǹtì 111 ní roentgenium.