Herbert Macaulay àti Owó Omi Èkó

Ẹni tí ó bá dé Ìkògòsì-Èkìtì yóò rí ohun tí ojú kì í sábà rí. Omi gbígbóná kan ń sun láti ara òkè, omi tútù mìíràn ń ṣàn bọ̀ láti ìhà kejì, àwọn méjèèjì a sì pàdé, wọn a jọ máa ṣàn lọ. Láti ìgbà tí àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ ti tẹ̀dó, igbá àti ìkòkò ni wọ́n fi ń pọn nínú omi ilẹ̀ wọn. Kò sí akọ̀wé tí ó jókòó sí etí odò láti gba owó lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ó lè ya ọmọ ilé-ìwé tí a bí ní Ìkògòsì, ní Àrámọ̀kọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè lẹ́nu láti gbọ́ pé odindi ìlú Èkó dìde nígbà kan rí nítorí omi, tí ọlọ́jà ti ìsọ̀ rẹ̀, tí àárín ọba àti ìjọba sì dàrú. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Láàárín àwọn tí ó ja ìjà náà ni ọkùnrin kan wà tí irunmú rẹ̀ nà gbọọrọ sí ọ̀tún àti sí òsì, tí aṣọ rẹ̀ sì máa ń funfun báláú. Àwọn ará ìlú a máa pè é ní Ejò Nígboro. Herbert Macaulay ni orúkọ rẹ̀.

A bí Macaulay ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọdún 1864. Baba rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé-ìwé CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀, Abigail, sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1878. Ní ọdún 1881 ó wọ iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń la ọ̀nà, tí ń tẹ́ afárá, tí ó sì ń kọ́ àwọn ilé ìjọba. Nígbà tí ó di ọdún 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ẹni tí ń ṣe àbójútó àwọn iṣẹ́ ìlú náà àti omi rẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn àwọn ọ̀tá rẹ̀ yóò máa sọ pé ọ̀tá ọ̀làjú ni. Ẹni tí ó bá Macaulay jiyàn lórí omi ẹ̀rọ, ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó ń bá jiyàn.

Ó padà dé ní ọdún 1893, ìjọba sì fi í ṣe awọnlẹ̀. Ọdún márùn-ún péré ni ó lò níbẹ̀. Ó rí i pé Òyìnbó tí wọn jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ń gba owó tí ó ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Ìjọba pẹ̀lú ní ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì di awọnlẹ̀ aládàáṣiṣẹ́, ó ń wọn ilẹ̀ fún ará ìlú, ó sì ń ya àwòrán ilé fún àwọn ọlọ́lá. Ìgbà yìí gan-an ni Èkó ń yí padà. Afárá Carter, tí ó so erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ Ìddó, ni a ṣí ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí gba orí rẹ̀ kọjá ní ọdún 1902. Àǹfààní ńlá ni ìwọ̀nyí jẹ́ fún ẹlẹ́rù àti aláìlẹ́rù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí àwọn ará Èkó fi ọwọ́ ara wọn yàn tí ó jókòó níbi tí a ti ń pín owó ìlú. Àwọn ọmọ Èkó díẹ̀ tí ó wà nínú ìgbìmọ̀, gómìnà ni ó yàn wọ́n.

Macaulay, tí ó mọ ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìwé owó ìjọba wò. Ní ọdún 1908 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa bí a ti ń ná owó ojú irin, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ọwọ́ àwọn Òyìnbó kan tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ náà kò mọ́. Kí ó tó di ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú tí ó ń ka owó ojú irin mọ́ gómìnà lọ́wọ́ kò wọ́pọ̀.

Ọdún kan náà ni ọ̀rọ̀ omi délẹ̀. Kí a má bàa ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ti ìjọba rò. Inú kànga ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Èkó ti ń pọn omi nígbà náà. Erékùṣù ni ìlú, iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, omi kò jìn, ẹ̀gbin láti inú ṣáláńgá a sì máa rọra jò wọ inú kànga lọ. Gómìnà Walter Egerton, tí ó ti ń ṣe àkóso Èkó láti ọdún 1904, pinnu pé kí a fa omi láti Ìjú, lápá òkè Agége, kí a sẹ́ ẹ kí ó mọ́, kí a sì fi ọ̀pá irin gbé e wọ ìlú. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìjọba ní àwọn ará ìlú ni, kí wọ́n máa san owó-òde lórí ilé wọn.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Èkó ní kànga wà ní àgbàlá àwọn, àwọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún omi Ìjú. Wọ́n ní àwọn Òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ jù, nígbà tí tálákà yóò san nínú owó rẹ̀. Ìbẹ̀rù mìíràn sì wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Títí di ìgbà náà, owó ibodè ni ìjọba Èkó fi ń gbọ́ bùkátà. Kò tíì fi ọwọ́ tààrà kan ilé ẹnikẹ́ni. Bí a bá san ti omi lónìí, kí ni a kò ní san lọ́la? Nítorí náà ni wọ́n fi pé jọ, tí àwọn obìnrin sì ti ọjà. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti gbèjà ìlú.

Ìjọba kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Wọ́n ń walẹ̀, wọ́n ń ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1915 omi Ìjú ti dé Èkó. Ní ọdún 1916 ni owó-òde omi wá di òfin. Ẹnu ẹgbẹ́ Randle àti Ọbasá ti rọ̀ nígbà yìí, ṣùgbọ́n Macaulay kò gbà, àwọn obìnrin ọjà kò gbà, Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì gbè sẹ́yìn ìjọba. Síbẹ̀ òfin ni ó borí. Wọ́n san owó náà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ èmi òǹkọ̀wé, èmi yóò wí pé omi Ìjú ṣe Èkó ní rere, àti pé kànga inú iyanrìn kò lè gbé ìlú tí ń gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ró. Macaulay pẹ̀lú mọ èyí. Plymouth kò ní ṣàì ti kọ́ ọ. Ohun tí ó ń jà fún ni pé ẹni tí yóò sanwó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

A kò gbọdọ̀ fi ibi tí ó kù sí pamọ́. Ní ọdún 1913 ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ná owó ogún tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ní ìnákúnàá, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a máa wí pé àwọn ọ̀tá ni ó dọdẹ rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ìdájọ́ náà ti ìlẹ̀kùn kan mọ́ ọn títí láé: kò lè du ipò kankan nínú ìgbìmọ̀. Ọkùnrin tí ó fẹ́ kí ará ìlú máa yan àwọn tí yóò ná owó wọn, òun fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọdún 1913 yìí kan náà ni ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún ìlò ara rẹ̀. Olóyè Àmọ́dù Tíjání, tí í ṣe Olúwa, ní ilẹ̀ ẹbí òun ni, kí a sì san iye rẹ̀ fún àwọn. Nígbà tí kò rí ìtẹ́lọ́rùn ní ilé-ẹjọ́ Èkó, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Macaulay tẹ̀ lé e lọ ní ọdún 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ dání. Ní ọdún 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba dá Olúwa láre, owó tí a sì san jẹ́ £22,500. Láti ìgbà náà ó di mímọ̀ pé bí ìjọba bá tilẹ̀ fẹ́ ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, kò lè gbà á bí ẹni tí ó ṣa ìgbín lóko. Ẹlẹ́kọ̀ọ́ jìyà ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí: ìjọba yọ ọ́ lóyè ní ọdún 1925, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà sí Èkó títí di ọdún 1931.

Nígbà tí òfin tuntun fún Èkó ní ààyè mẹ́ta tí a óò fi ìbò yàn nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic Party sílẹ̀ ní ọdún 1923. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó £100 kò lè dìbò, obìnrin kò sì lè dìbò rárá. Síbẹ̀ àwọn obìnrin ọjà ni agbára ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gba gbogbo ààyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọdún 1923, ní 1928 àti ní 1933, ó sì tún lókìkí nínú ìbò Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó. Macaulay jókòó sí ilé rẹ̀, Kirsten Hall, àwọn tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ a sì máa wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 1928 ó tún ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, kọ nípa ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀ọ́.

Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìjọba fẹ́ kó ọjà Ẹ̀rẹ̀kọ́ lọ sí Olúwọlé. Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà, kò gbà, ọlọ́pàá sì mú òun àti àwọn mìíràn. Obìnrin yìí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ìsọ̀ tí ó wà ní ojú ọ̀nà fi sàn ju ti ibi ìkọ̀kọ̀ lọ. Kò sì sí ẹni tí ó fara mọ́ Macaulay jù ú lọ.

Ní ọdún 1938 àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement gba ààyè ìbò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ní ọdún 1944 wọ́n tún fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC, Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ní ọdún 1946 ó bá wọn rin ìrìn-àjò yí Nàìjíríà ká láti tako òfin ìjọba tuntun tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Kánò ni àìsàn ti kọlù ú. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún náà. Ìtẹ́ òkú Ìkòyí ni a sin ín sí. Ọ̀nà ńlá tí ó la Yábà já ni a fi orúkọ rẹ̀ pè.