Ọ̀nà Ìgbòho Tí Ó Dí

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:6-10.

Ìgbòho ni Thomas Jefferson Bowen ní lọ́kàn nígbà tí ìjọ Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà rán an wá. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ gbéra. Goodale kú ní Liberia, Hill dúró síbẹ̀, Bowen nìkan ni ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ 1850. Ogun sì ti dí ọ̀nà òkè. Abẹ́òkúta ni ó há sí fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Dàhómì wá gbógun ti Ẹ̀gbá ní 1851.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, ìròyìn wo ni ìwọ ìbá kọ sí àwọn tí ó rán ọ? Bowen jókòó kọ́ èdè wa. Nínú ìdúró tí kò fẹ́ yẹn ni ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1858 ti ta gbòǹgbò.

Kò fi Ìgbòho ṣe ibùjókòó. Kúrunmí gbà á sí Ìjàyè. Ní 1855 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àìsàn lé e padà sílé ní 1856, ogun sì pa Ìjàyè run ní 1862. Ó kú ní Georgia ní 1875. Kò rí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùsọ́àgùntàn tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ òun yóò wà ní Ìwó, nítòsí ẹ̀yin ará Ilé-Ogbó.