Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tó bá wa wá àmì fún ohùn Yorùbá

Bí oníṣòwò kan ní Ikpinlè bá tẹ owo sórí fóònù láìfi àmì sí i, tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀, ṣé owó ló ń bèèrè ni, àbí òwò, àbí ọwọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí fóònù tó dé. Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá ojútùú sí i.

Òṣogùn ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á fún ẹni yìí, ẹni yẹn tún tà á, títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ní Sàró. Ibẹ̀ ló ti mọ̀wé. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay.

Ní 1843, ó di àlùfáà, ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá sì jáde. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò rọrùn. Lẹ́tà tí àwọn òyìnbó ń lò kò tó ohùn wa. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò wá lẹ́tà tuntun kiri. Lẹ́tà tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò: wọ́n fi àmì sábẹ́ e, o àti s, wọ́n sì fi àmì ohùn sórí. Ní 1875, òun ló ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó. Ó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti 1864. Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, ó sì kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891.

Lọ́dọ̀ wa ní Benin, kp la fi ń kọ ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń fi p kọ, a sì ń lo ɛ àti ɔ. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹni tó ń kọ àti ẹni tó ń kà jọ mọ ìlànà kan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àìsí àmì sọ owó yín di ọwọ́.