William Caxton àti Ìwé Àlọ́ Aesop

Ní ìgbèríko Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a gbé bí William Caxton ní nǹkan bí ọdún 1420. Èdè ìgbèríko náà ki létí àwọn ará ìlú ńlá, Caxton kò sì fi ibi tí ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ pamọ́ nígbà tí ó di àgbà. Ní ọdún 1438 ó di ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Large, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò aṣọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀ yìí ní 1441, ó rékọjá òkun lọ sí Bruges, ìlú kan tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti òde òní. Nǹkan bí 30 ọdún ni ó fi ṣòwò lókè òkun, ó là, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀. Ì bá ṣe pé ó kú nígbà náà, ta ni ì bá rántí rẹ̀ lónìí?

Ní ọdún 1469, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ ìwé ìtàn ìlú Troy láti èdè Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì lọ jìnnà tí iṣẹ́ náà fi sú u, tí ó sì pa á tì. Margaret, àbúrò ọba Gẹ̀ẹ́sì àti aya olórí ilẹ̀ Burgundy, ni ó rí i, tí ó tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀, tí ó sì pàṣẹ pé kí ó parí rẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní ìlú Cologne ní 1471. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ni ó ń béèrè ẹ̀dà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń ro ó, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì nítorí ìwé kíkọ. Bí àgbàlagbà náà ṣe jókòó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé bí ọmọdé nìyẹn, tí ó sì ná owó ara rẹ̀ lé e lórí. Ìwé Troy yìí ni ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀.

Ní 1476 ó padà sílé, ó gba ilé ìtajà kan lẹ́bàá ilé ìsìn ńlá Westminster. Ọ̀nà kò tẹ́jú fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 1483 wọ́n bẹ́ orí Anthony Woodville, ọlọ́lá tí ó fẹ́ràn Caxton, tí Caxton sì ti tẹ ìwé rẹ̀. Ọba tuntun, Richard Kẹta, gorí ìtẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ayé ń dorí kọ. Ní àkókò rúkèrúdò bẹ́ẹ̀ gan-an ni Caxton ń túmọ̀ àlọ́ ẹranko.

Àlọ́ Aesop ni àlọ́ náà. Ẹrú ni a gbọ́ pé Aesop jẹ́ láàárín àwọn ará Gíríìkì, ní ohun tí ó lé ní 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn ìkookò àti ọ̀dọ́ àgùntàn wà nínú rẹ̀, ti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ń tọrọ ọba náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ó yin ẹyẹ ìwò títí oúnjẹ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ará Jámánì kan, Heinrich Steinhöwel, ni ó kó wọn jọ ní èdè Látìn àti ti Jámánì. Àlùfáà Julien Macho sọ wọ́n di Faransé ní ìlú Lyon. Láti inú Faransé yìí ni Caxton ti mú wọn. Ó parí ìtẹ̀wé náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, 1484. Àwòrán tí a gbẹ́ sára igi, tí a sì tẹ̀ sínú rẹ̀, lé ní 180.

Irú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí yóò lò ni ó dà á láàmú jù. Ní 1490 ó ròyìn àwọn oníṣòwò kan tí afẹ́fẹ́ kò gbé ọkọ̀ wọn lórí odò Thames. Ọ̀kan nínú wọn gòkè lọ ra ẹyin, ó sì pè é ní egges. Obìnrin tí ó bá dáhùn pé òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, nítorí òun náà kò gbọ́ Faransé rárá. Nígbà tí ẹlòmíràn sọ pé eyren ni wọ́n ń fẹ́, ó yé obìnrin náà. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn! Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ìlú kan ti ń yàtọ̀ sí ti ìkejì kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nínú ìwé Aesop, ọ̀rọ̀ tí kò le ni Caxton yàn.

Ní òpin ìwé náà ó fi ìtàn kan tirẹ̀ kún un. Àlùfáà méjì jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan di ẹni ńlá, èkejì ń bójú tó ìjọ kékeré kan. Ọlọ́lá náà wá bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè iye tí ipò rẹ̀ ń mú wọlé lọ́dún. Ọ̀rẹ́ náà ní òun kò mọ iye rẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n bí òun bá tọ́ àwọn ènìyàn òun dáadáa, ọ̀run rere ni èrè rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣègbé nítorí àìbìkítà òun, ọ̀run àpáàdì ni. Ní tèmi, ìtàn yìí kò kéré sí èyíkéyìí nínú ti Aesop.

Caxton kú ní nǹkan bí 1491, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì Saint Margaret ní Westminster. Nínú ìwé ìṣirò owó ṣọ́ọ̀ṣì náà, ògùṣọ̀ 4 fún ìsìnkú rẹ̀ jẹ́ ṣílè 6 àti kọ́bọ̀ 8. Aago tí wọ́n lù jẹ́ sísì.

Ní ayé rẹ̀, pákó ni wọ́n fi ń ṣe èèpo ìwé, wọn a fi awọ bò ó, wọn a sì fi irin gbígbóná tẹ àmì sí i lára láìsí wúrà. Àwọn olówó ìgbà ìkẹyìn bọ́ irú awọ bẹ́ẹ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀, wọ́n fi awọ ewúrẹ́ tí a fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ rọ́pò rẹ̀. N kò lè yìn wọ́n fún èyí. Ẹ̀dà Aesop ti 1484 tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù kò ju 3 lọ, èyí tí ó wà ní ààfin Windsor nìkan ni ó sì pé. Ní 1931, àwọn òǹtẹ̀wé Gregynog ní ilẹ̀ Wales tún un tẹ̀ ní 250 ẹ̀dà pẹ̀lú àwòrán Agnes Miller Parker, George Fisher sì fi awọ ewúrẹ́ olówó iyebíye di 25 nínú wọn.