William Miller àti Ọjọ́ 2300

Kíkà: Dáníẹ́lì 8:13-14

Bí aláta kan ní Mile 12 bá sọ fún oníbàárà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé pé kó wá san gbèsè òun ní òní ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló ń wí. Ó ti ka òní mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi ìṣirò ilé-ìwé kà á yóò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀. Kí ni ká ti wí nípa ọjọ́ 2300 tí Dáníẹ́lì gbọ́?

Ìbéèrè yìí ló gba ayé William Miller, àgbẹ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1782. Ó ṣe olórí ọmọ ogun nínú ogun tí wọ́n bá Bírítéènì jà ní 1812. Kò ka Bíbélì sí nígbà náà. Ní 1816 ó ronú pìwà dà, ó sì fi ọdún méjì jókòó ti Ìwé Mímọ́.

Ó mú un láti inú Númérì 14:34 àti Esekíẹ́lì 4:6 pé ọjọ́ kan dúró fún ọdún kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ láti 457 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí Atasásítà ọba pàṣẹ fún Ẹ́sírà. Yọ 457 kúrò nínú 2300, ó ku 1843. Ọdún náà, lójú tirẹ̀, ni Jésù yóò padà. Láti 1831 ló ti ń wàásù rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbà á gbọ́.

Ìyọkúrò yẹn pé o. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Alẹ́ àti òwúrọ̀ 2300 ni èdè Hébérù wí. Àwọn olùkọ́ Bíbélì kan ní ẹbọ alẹ́ àti ti òwúrọ̀ ni, èyí tó jẹ́ ọjọ́ 1150. Àwọn mìíràn ní ọjọ́ gidi ni, nígbà tí Antiochus sọ tẹ́ḿpìlì di aláìmọ́. Dáníẹ́lì 8 kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sọ ọjọ́ di ọdún.

Àsìkò tó dá kọjá, Olúwa kò dé. Wọ́n wá rí i pé kò sí ọdún òfo láàárín ṣáájú Kristi àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ọdún kan ṣẹ́ kù. Oníwàásù kan, Samuel Snow, mú 22 October 1844. Miller fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì títí oṣù náà fi wọlé kó tó gbà. Àwọn àgbẹ̀ kan fi irè sílẹ̀ lóko láìkórè. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn, wọ́n sọkún.

Lára àwọn tó kù ni ìjọ Adventist ti jáde ní 1863. Wọ́n di ọjọ́ náà mú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀run ni ohun tó ṣẹlẹ̀ wà. Òjíṣẹ́ wọn, David Babcock, dé Èrúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn ní 1914.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi Miller lé e jáde ní 1845. Ó gbà pé ìṣirò òun kùnà, kò sì jáwọ́ nínú ìrètí. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ọjọ́ tí òun dá báyìí ni òní, àti òní mìíràn, títí Olúwa yóò fi dé. Ojú rẹ̀ ti ṣú kó tó kú ní 20 December 1849.