Lambo ti rí wàhálà igbó tipẹ́

Ìwádìí ọdún 2018 ka èèyàn 33 nínú 100 tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan nípìnlẹ̀ Èkó, níbi tí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti rí wàhálà yìí tipẹ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1923. Ní Arò, lọ́dún 1954, dípò kó ti gbogbo alárùn ọpọlọ mọ́lé, ó fi àwọn kan sábúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà kò jẹ́ dán wò. Lọ́dún 1965, ó kọ̀wé lórí bí oògùn olóró ṣe ń di bárakú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: ìṣòro ìṣègùn àti ti àwùjọ ló pè é. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ológun ṣòfin tiwọn: ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ẹni tó bá gbin igbó. Lambo, tó padà di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé, kú lọ́dún 2004.