John Muir

John Muir (21 oṣù Kẹrin ọdún 1838 – 24 oṣù Kejìlá ọdún 1914) jẹ́ òǹkọ̀wé, arìnrìn-àjò àti onímọ̀ nípa àwọn ohun àdáyébá, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó di ará Amẹ́ríkà. Ó gbajúmọ̀ fún akitiyan rẹ̀ láti dáàbò bo igbó àti òkè ní California, àti fún ìwádìí rẹ̀ nípa odò yìnyín, ìyẹn yìnyín ńláńlá tí ó máa ń rọra wọ́ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ìrìn-àjò ojú omi rẹ̀ sí Glacier Bay ní Alaska lọ́dún 1879 wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Tlingit, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n mú un débẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

Ìlú Dunbar ni wọ́n ti bí Muir. Ní ọdún 1849, ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Wisconsin ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ṣe iṣẹ́ oko àṣekára lábẹ́ bàbá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin, ṣùgbọ́n kò gba oyè. Ní ọdún 1867, irin iṣẹ́ gún un lójú ọ̀tún ní Indianapolis, ẹ̀rù sì bà á pé òun yóò fọ́jú. Nígbà tí ojú náà sàn, ó pa iṣẹ́ ẹ̀rọ tì, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Florida, ìrìn tí ó tó 1,000 máìlì. Ó dé California ní ọdún 1868.

Àríyànjiyàn lórí Yosemite

Josiah Whitney, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní California, gbà pé ilẹ̀ ni ó rì lójijì tí àfonífojì Yosemite fi wáyé. Muir, tí ó ti da àgùntàn tí ó sì ti la pákó ní agbègbè náà, ní èrò pé odò yìnyín ni ó gbẹ́ ẹ. Ní ọdún 1871, ó rí odò yìnyín tí ó ṣì wà lórí òkè Sierra Nevada, ó sì kọ̀wé nípa èrò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn New York Tribune. Ìwádìí àwọn tó wá lẹ́yìn fi hàn pé yìnyín kó ipa pàtàkì nínú gbígbẹ́ àfonífojì náà. Láti rí ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó kọjú sí Alaska.

Ìrìn-àjò ọdún 1879

Muir dé Fort Wrangell ní oṣù Keje, níbi tí ó ti pàdé S. Hall Young, míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ onígi tí a ń fi àjẹ̀ wà, èyí tí í ṣe ti Toyatte, olóyè Tlingit láti ẹ̀ka Stikine. Toyatte ni ọ̀gá ọkọ̀. Kadachan, ọmọ olóyè Chilkat, ni ó mọ bí a ṣe ń bá àwọn ìlú tó wà lọ́nà sọ̀rọ̀. Stickeen John ni ògbufọ̀. Sitka Charley ni ẹni kẹrin. Charley ti ṣọdẹ seal, ẹran inú òkun, ní ibi yìnyín náà nígbà èwe rẹ̀, òun ni ó sì ròyìn rẹ̀ fún Muir.

Àwòrán ilẹ̀ tí ikọ̀ George Vancouver yà ní ọdún 1794 kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n fi ògiri yìnyín sí ti di omi òkun, nítorí pé yìnyín náà ti fà sẹ́yìn ju 30 máìlì lọ. Wọ́n ní láti kó igi ìdáná dání, nítorí pé igi kò sí ní etí omi iwájú. Ní àgọ́ àwọn ọdẹ seal láti Hoonah, ọ̀kan nínú wọn gbà láti ṣe amọ̀nà wọn.

Òjò, yìnyín dídì àti òkìtì yìnyín tó léfòó lójú omi mú kí ẹ̀rù ba àwọn atukọ̀. Muir rọ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà láti tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí Young àti àwọn atukọ̀ dúró ní àgọ́, Muir nìkan gun òkè, ó sì rí àwọn odò yìnyín náà kedere. Nígbà tí ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í dì, wọ́n yí padà kí yìnyín má baà há ọkọ̀ wọn mọ́.

Ilẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwọn Tlingit ti Hoonah. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé àwọn baba ńlá wọn ń gbé ibẹ̀ kí yìnyín tó lé wọn kúrò, èyí tí àwọn onímọ̀ ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1880, wọ́n pa Toyatte nínú ìjà kan ní Wrangell, kí Muir tó padà wá lọ́dún náà.

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ikú

Muir fẹ́ Louie Strentzel ní oṣù Kẹrin ọdún 1880. Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì. Ìwé rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba dá ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè Yosemite sílẹ̀ ní ọdún 1890. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Sierra Club sílẹ̀ ní ọdún 1892, ó sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ títí ó fi kú. Ní ọdún 1913, ó pàdánù ìjà lórí àfonífojì Hetch Hetchy, tí ìjọba fọwọ́ sí kí wọ́n sọ di adágún omi fún San Francisco. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa á ní Los Angeles lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ìwé rẹ̀, Travels in Alaska, jáde ní ọdún 1915.

Ogún rẹ̀

Ìjọba Amẹ́ríkà fi ilẹ̀ Glacier Bay sí abẹ́ ààbò ní ọdún 1925, ó sì di ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè ní ọdún 1980. Òfin ààbò náà dín ẹ̀tọ́ ọdẹ àwọn Tlingit kù lórí ilẹ̀ baba wọn. Ní ọdún 2016, wọ́n ṣí ilé àjọni àwọn Tlingit ti Hoonah nínú ọgbà náà. Ní ọdún 2020, Sierra Club gbà ní gbangba pé Muir kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn aláwọ̀ dúdú.

Odò yìnyín tí ó ń jẹ́ orúkọ Muir ti fà sẹ́yìn kúrò létí òkun. Ní àríwá ọgbà náà, àwọn arìnrìn-àjò àti amọ̀nà wọn máa ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọkọ̀ rọ́bà lórí odò Tatshenshini àti Alsek, láàárín àwọn odò yìnyín, títí wọn yóò fi gúnlẹ̀ sí Dry Bay.